Àpótí Pláíwúùdù àti Gíláàsì fún Omi àti Ilẹ̀: Ìdáhùn fún Màmá Olùkọ́ ní Òkè-Àdó

Màmá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ń gbé ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, ni ó kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Mo fẹ́ kan àpótí ńlá kan sí pálọ̀ mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní paludarium, tí omi àti ẹja yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ilẹ̀, òkúta àti ewéko yóò sì wà lókè. Yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, yóò fẹ̀ ní méjì ààbọ̀, yóò ga ní márùn-ún, mo sì fẹ́ kí omi inú rẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Káfíńtà mi ní pláíwúùdù ni ká fi kàn án, ká fi ọ̀dà olóróró kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ mi ní irọ́ ni, pé pákó kò lè gba omi dúró. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo sì ní ẹja àrọ̀ mẹ́rin àti ìjàpá odò kan tí mo fẹ́ kó sínú rẹ̀.”

Màmá, ọmọ yín tọ̀nà, káfíńtà yín náà kò sì ṣìnà pátápátá. Pákó kì í gba omi dúró; ẹ wo fèrèsé onípákó tí òjò ti ń pa fún ọdún pípẹ́, ẹ ó rí bí ó ti ń wú, tí ó ń là, tí ó sì ń jẹrà láti etí wá. Ṣùgbọ́n nínú irú àpótí yìí, a kò ní kí pákó gba omi dúró. Iṣẹ́ egungun ni pákó ń ṣe níbẹ̀: òun ló ń gbé ẹrù, òun ni kò sì ní jẹ́ kí omi ti ògiri wó síta. Awọ kan ni a ó fi bo egungun náà nínú, awọ tí kò ní ojú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lára, awọ yẹn gan-an ni omi yóò sì fara kàn. Bí awọ bá pé, pákó kò ní mọ̀ pé omi wà nítòsí òun. Bí awọ bá lu níbì kan, ìbáà ṣe ihò sikúrúù kan péré, kò sí ọgbọ́n káfíńtà tí yóò gba àpótí náà là. Ọ̀dà olóróró kì í ṣe awọ. Ó ń dán lójú, ó sì lè lé òjò fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá wà lábẹ́ omi tọ̀sán tòru, ńṣe ni yóò ré bí ara ẹni tí iná jó.

Kí n tó dé orí awọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí bí omi yóò ti jìn tó, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ rọ̀ yín pé kí ẹ yí èrò yín padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí omi bá ti pọ̀ tó ni yóò ti ti gíláàsì tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jíjìn omi ló ń ti gíláàsì, kì í ṣe bí omi náà ti lọ sẹ́yìn tó. Omi tó jìn ní 40 sẹ̀ǹtímítà nínú àpótí yín àti omi tó jìn ní 40 sẹ̀ǹtímítà létí adágún Ẹlẹ́yẹlé, bákan náà ni wọ́n ń ti ògiri tó bá dúró níwájú wọn. Bí jíjìn bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó ń ti ògiri iwájú yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Mo ṣírò ti yín. Bí a bá pe gígùn àpótí ní 180 sẹ̀ǹtímítà, tí a pe fífẹ̀ rẹ̀ ní 75, tí omi sì jìn ní 75, omi náà yóò lé díẹ̀ ní 1,000 lítà. Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà ó lé ní tọ́ọ̀nù kan, èyí tí í ṣe ogún àpò sìmẹ́ǹtì. Agbára tí yóò máa ti ògiri iwájú nìkan yóò tó nǹkan bí 500 kílò, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá tí ó fara ti gíláàsì kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ dòwúrọ̀. Bí ẹ bá dín jíjìn omi kù sí 40 sẹ̀ǹtímítà, omi yóò di 540 lítà, agbára tó ń ti iwájú yóò sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 144 kílò, kò tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Àpótí kan náà ni, ṣùgbọ́n a ti dín ewu rẹ̀ kù ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi í mọ sí 40. Ẹ kò pàdánù ohunkóhun, nítorí ẹwà irú àpótí yìí wà níbi tí omi àti ilẹ̀ ti pàdé, níbi tí gbòǹgbò ti ń wọ omi tí ewé sì ń na orí sókè. Ẹja kéékèèké tí ẹ ó kó sínú rẹ̀ kò sì bìkítà bóyá omi jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kò sọ bóyá pálọ̀ yín wà nísàlẹ̀ tàbí lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ó bá jẹ́ lókè ni, ẹ má kàn án síbẹ̀. Bí a bá ro omi, òkúta, gíláàsì, pákó àti àga onírin tí yóò gbé e pọ̀, gbogbo rẹ̀ lè súnmọ́ 900 kílò, lórí àyè tí kò tó mítà onígun mẹ́rin kan ààbọ̀. Ẹrù ènìyàn àti àga tí wọ́n sábà máa ń ṣírò sí orí ilẹ̀ yàrá nígbà tí wọ́n bá ń ya ilé gbígbé kì í ju 150 sí 200 kílò lọ fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fi pákó tẹ́ òkè wọn kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń dárúkọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Orí kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé ni kí ó wà, kí ó jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé, nítorí gíláàsì tí a dé tí oòrùn sì ń ta sí yóò di ààrò. Ní Ìbàdàn, a kò nílò ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná rárá. Ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Wẹ́dà ni kí ó ṣe àga tí yóò gbé e, pẹ̀lú páìpù onírin onígun mẹ́rin, kí ó sì fi irin dábùú ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ilẹ̀ àpótí má baà tẹ̀. Mo mọ̀ pé igi ìrókò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì máa ń pẹ́ kí ikán tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìrókò òde òní, ta ló lè búra fún un? Irin ni mo yàn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé ìsàlẹ̀ àpótí sókè tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi àlàfo tí ọwọ́ lè wọ̀ sílẹ̀ láàárín àpótí àti ògiri, kí ẹ lè máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ikán kì í kí ènìyàn kó tó wọlé, ìlà erùpẹ̀ tí ó fi ń gun ògiri ni a fi ń mọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà fi Solignum tàbí oògùn apakòkòrò mìíràn kun pákó náà nínú tàbí lóde. Oògùn tó pa ikán kò ní dá ẹja sí.

Nípa pákó fúnra rẹ̀, bí ẹ bá dé ọjà pákó ní Bódìjà, ẹ béèrè fún pláíwúùdù tí ó nípọn ní 18 mìlímítà. Odindi pákó mẹ́rin yóò tó, bí ẹni tí ń gé e kò bá fi ṣòfò. Ẹ má gba MDF, bí ó ti wù kó dán tó, nítorí ìyẹ̀fun igi tí a fi gọ́ọ̀mù pò ni, bí ìkán omi kan bá sì dé etí rẹ̀, yóò wú bí búrẹ́dì. Wọ́n lè tún gbé èyí tí wọ́n ń pè ní máríìn bọ́ọ̀dù wá, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń da dẹ́kìn, tí ojú rẹ̀ dúdú tó sì ń dán. Pákó dáadáa ni, ṣùgbọ́n awọ dídán tó wà lójú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí nǹkan mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn àfi bí ẹ bá fi sáńpépà họ ọ́ kúrò pátápátá, iṣẹ́ yẹn sì le. Ẹ wo etí pákó tí ẹ bá fẹ́ rà, kí ẹ rí i pé kò sí ihò láàárín àwọn ìpele rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n gé èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ fún yín, ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ sè é fún wákàtí méjì bí ẹni ń se ẹran tó gbó. Ọmọ-ọmọ yín lè rẹ́rìn-ín. Èyí tí ìpele rẹ̀ bá ṣí kúrò lára ara wọn, gọ́ọ̀mù tí kò lè bá omi jà ni wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù yìí kan káfíńtà yín náà. Gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì máa ń rọ̀ bí omi bá bá a. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi méjì tí a máa ń pò mọ́ra kí ó tó le, ni kí ó pò pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó tí a sẹ́ títí yóò fi ki bí ọ̀gì, kí ó fi so gbogbo oríkèé, kí ó sì fi sikúrúù dè é ní ìwọ̀n 12 sẹ̀ǹtímítà síra. Kí orí sikúrúù kọ̀ọ̀kan wọlé sínú pákó díẹ̀, kí a sì fi epoxy kíki náà dí i. Ògiri ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ yóò jókòó lórí ilẹ̀ àpótí. Ilẹ̀ náà, pákó méjì tí a lẹ̀ pọ̀ ni kí ó jẹ́. Ní ti iwájú, ẹ má jẹ́ kí ó kó igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin jọ láti fi ṣe férémù gíláàsì, nítorí igun ibi tí wọ́n ti pàdé ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Kí ó gé ojú fèrèsé sínú odindi pákó kan, kí ó fi pákó tí ó fẹ̀ tó 10 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ yí ká, kí igun ihò náà sì rí róbótó díẹ̀ dípò kí ó mú. Pákó kan yóò sì dábùú òkè ojú omi láti iwájú dé ẹ̀yìn, láàárín méjì àpótí, kí iwájú má baà yọ ikùn síta. Ohun mìíràn tó kù níbẹ̀, káfíńtà tó mọṣẹ́ yóò rí i fúnra rẹ̀.

Ó wá ku awọ. Ohun méjì ni wọ́n ń tà nígboro tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni rẹ́síìnì polyester, èyí tí àwọn tó ń ṣe fáíbà ọkọ̀ ń lò, tí òórùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo àdúgbò. Ó dínwó, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ igi tó bí ó ti yẹ, bí pákó bá sì sún díẹ̀, ó lè ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo. Ìkejì ni epoxy. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń wọnú igi, kì í sì jẹ́ kó lọ. Epoxy ni kí ẹ rà, kí ẹ sì bi olùtajà bóyá wọ́n gbà á láyè fún àgbá omi mímu, nítorí èyí tí kò ní pa ènìyàn lára kò ní pa ẹja bí ó bá ti gbẹ tán. Ẹ ra aṣọ fáíbà tí a hun pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí okùn rẹ̀ kàn tò jọ bí òwú. Ohun tí wọ́n fi so ìkejì yìí pọ̀, inú polyester ló ti ń yọ́, kì í yọ́ nínú epoxy, kò sì ní rọ̀ mọ́ igun àpótí.

Aṣọ fáíbà kì í fẹ́ tẹ̀ sí igun tó mú. Nítorí náà, kí ẹ tó fi lé e, ẹ fi epoxy kíki yẹn kun gbogbo igun inú, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí fà á títí yóò fi tẹ̀ kòrókòró bí inú abọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kun pákó ní ẹ̀ẹ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ ó tẹ́ aṣọ lé e lórí, tí ẹ ó sì fi róólà rin ín títí aṣọ yóò fi mọ́ gaara bí gíláàsì, tí afẹ́fẹ́ kankan kò ní kù lábẹ́ rẹ̀. Ìkùn méjì sí mẹ́ta yóò tún tẹ̀lé e. Ẹ po àwọ̀ dúdú díẹ̀ mọ́ ìkùn kejì, kí ẹ má fi sí ìkẹta tàbí kí ẹ fi àwọ̀ mìíràn sí i, ojú yín yóò sì rí ibi tí ẹ bá fò. Gbogbo etí pákó, títí kan etí ihò fèrèsé, ni kí ó mu epoxy yó, nítorí etí ni omi ń gbà wọ pláíwúùdù bí ẹni fi ọ̀pá fa á mu. Ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ lóde náà. Pákó tí a dí ní ojú kan tí a fi ojú kejì sílẹ̀ fún ọ̀rinrin yóò lọ́.

Àkókò tí ẹ ó ṣe é ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń tà á ṣe máa ń sọ lọ. Ní ìgbà òjò, nígbà tí ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́ Ìbàdàn, ohun kan máa ń sun jáde sójú epoxy bí ó ti ń gbẹ, ó máa ń yọ̀ bí àbẹ́là, ìkùn tí ẹ bá sì fi lé e lórí kò ní lẹ̀. Kì í ṣe sáńpépà ni ẹ ó kọ́kọ́ fi sí i, nítorí ńṣe ni yóò tún fi pa á mọ́ ojú rẹ̀. Omi lásán àti kànrìnkànrìn ni a fi ń fọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó jẹ́ kó gbẹ kí a tó họ ọ́. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn, nígbà tí òjò ti ń kógbá sílé tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì dé. Nípa wákàtí, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ kùn ún. Bí ẹ bá kùn ún ní òwúrọ̀, bí ọjọ́ ṣe ń gbóná sí i, afẹ́fẹ́ inú igi yóò máa fẹ̀, yóò máa yọ gba inú epoxy tútù jáde, yóò sì máa fi ihò kéékèèké sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, igi ń tutù lọ, ó sì ń fa epoxy sínú. Ẹ má po púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Epoxy tó pọ̀ nínú ike kan yóò gbóná fúnra rẹ̀, yóò rú èéfín, yóò sì le mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó kun ìdajì ògiri kan. Ẹ da èyí tí ẹ bá pò sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣí gbogbo fèrèsé. Ara tí epoxy bá ti bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbà á mọ́.

Àpótí àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi kàn, awọ rẹ̀ pé pérépéré. Lẹ́yìn tí mo parí rẹ̀ ni mo rántí pé n kò ṣe ibi tí pọ́ọ̀ǹpù yóò jókòó sí, mo sì fi sikúrúù kékeré kan kan irin pélébé mọ́ ògiri inú. Ọjọ́ kẹsàn-án tí omi wọ inú rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ pákó bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fi gbọ́n 400 lítà omi jáde, pẹ̀lú ẹja nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo bá fẹ́ kàn mọ́ inú àpótí, sílíkóònù ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú awọ. N kì í lu nǹkan kan mọ́.

Gíláàsì tó nípọn ní 10 mìlímítà tó fún omi tó jìn ní 40 sẹ̀ǹtímítà bí a bá fi férémù gbé e ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá rí 12, tí owó sì wà, ẹ rà á, n kò ní dá yín dúró. Ẹ má lo ògbólógbòó gíláàsì fèrèsé. Ìlà wínníwínní tí ojú kò rí lára rẹ̀ ni yóò ti là. Bí ẹ bá yan èyí tí wọ́n fi iná mú le, ẹ wọn ọ́n dáadáa kí wọ́n tó ṣe é, nítorí a kì í gé e, a kì í sì í lu ihò sí i mọ́ lẹ́yìn náà. Gíláàsì yóò tóbi ju ojú fèrèsé lọ ní 5 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Inú àpótí ni a ti ń gbé e sí ojú ihò, kì í ṣe láti ìta, kí omi lè máa tì í mọ́ férémù dípò kí ó máa tì í kúrò lára rẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìta nítorí pé ó rọrùn. Sílíkóònù nìkan ló ń bá omi jà níbẹ̀, ìjà náà kì í sì í pẹ́.

Sílíkóònù tí ẹ ó rà ni èyí tí ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tó bá ń gbẹ, tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ sílíkóònù, tí kò sí oògùn tí ń pa èébu nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilé ìwẹ̀ sábà máa ń ní oògùn náà, ẹja yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Sílíkóònù kì í lẹ̀ mọ́ igi lásán dáadáa, kì í sì í lẹ̀ mọ́ sílíkóònù àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ epoxy tó ti gbẹ bí a bá fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ díẹ̀ kí a sì fi sípírítì nù ún. Ẹ tò ó sí ojú férémù, ẹ gbé gíláàsì lé e, kí ẹ sì ti kó pélébé sílíkóònù gbígbẹ tó nípọn ní 3 mìlímítà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí gíláàsì má baà fún gbogbo rẹ̀ jáde. Ìpele 3 mìlímítà yẹn ló ń jẹ́ kí igi àti gíláàsì lè sún láìfa ara wọn ya.

Ohun kan wà níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Epoxy ń fẹ́ gbígbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni sílíkóònù fi ń gbẹ. Bí ẹ bá kun epoxy ní oṣù kọkànlá tí ẹ sì gbé gíláàsì ní àárín ọyẹ́, ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ méje tó. Ẹ gbé abọ́ omi gbẹẹrẹ méjì tàbí mẹ́ta sínú àpótí náà, kí ẹ ta aṣọ tútù sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Epoxy náà yóò ti gbà lára ìdúró yẹn láti le tán.

Ẹ má kún un lọ́jọ́ kan. Omi 10 sẹ̀ǹtímítà lójúmọ́ ni, kí ẹ fi bébà tísù nu gbogbo oríkèé ìta lálẹ́ àti láàárọ̀, kí ẹ sì lẹ téèpù kan mọ́ gíláàsì níbi tí ojú omi dé. Nígbà tí ó bá dé 40, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Omi yóò dínkù, ẹ̀rù yóò sì ba yín, nítorí ọyẹ́ ń gbẹ omi kíákíá. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí sí ẹ̀gbẹ́ àpótí láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ fi téèpù sàmì sí òun náà nínú: bí ojú omi méjèèjì bá jọ ń sọ̀ bákan náà, ọyẹ́ ló mu ún, bí ti àpótí bá yára ju ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó ń jò níbì kan tí ẹ kò tíì rí.

Fún ilẹ̀ òkè, ẹ má kó iyẹ̀pẹ̀ ọgbà dà sínú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ó wà nísàlẹ̀, èédú lé e, háhá àgbọn tí a ti rẹ tí a sì fọ̀ ni kí ó wà lókè, kí àwọ̀n tín-ínrín wà láàárín wọn kí wọ́n má baà pòpọ̀. Ògiri ẹ̀yìn tó rí bí àpáta, fóòmù líle tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gbẹ́ ẹ, a ó wá fi sílíkóònù àti iyanrìn bò ó. Ẹ rántí pé fóòmù máa ń léfòó. Bí ẹ kò bá fi sílíkóònù lẹ̀ ẹ́ dáadáa mọ́ ògiri, yóò fò sókè lọ́jọ́ tí omi bá wọlé, yóò sì kó gbogbo ọgbà yín dání. Àwọn tó fi sìmẹ́ǹtì bò ó gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Gbòǹgbò igi tí ẹ bá kó wá láti oko, ẹ sè é tàbí kí ẹ rẹ ẹ́. Yóò sọ omi di bíi tíì, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Kí gíláàsì òkè iwájú tí ń ṣí bí ilẹ̀kùn má baà máa ṣú, ẹ fi àlàfo aláwọ̀n tó fẹ̀ ní 5 sẹ̀ǹtímítà sí abẹ́ rẹ̀ níwájú, kí òmíràn sì wà lókè pátápátá lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba iwájú wọlé kí ó sì gba òkè jáde. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí ó jẹ́. Omi tó dúró láàárín ilé láìsí àwọ̀n àti láìsí ẹja, tanwíji ni yóò kọ́kọ́ gbà á.

Pọ́ọ̀ǹpù kékeré tí ń jẹ 25 wáàtì tó láti gbé omi gun òkè kí ó máa ṣàn bọ̀ bí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ gba inú òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ìgbẹ́ ẹja di ohun tí ewéko lè jẹ yóò fi ṣe ilé. Fún wákàtí 24, pọ́ọ̀ǹpù náà yóò jẹ 600 wáàtì-wákàtí, iye yẹn sì ni bátìrì 12 fóòtù tó jẹ́ 100 Ah lè fún yín bí ẹ kò bá fẹ́ mu ún kọjá ìdajì. Nítorí pé ínfátà náà ń jẹ tirẹ̀, ẹ kà á sí wákàtí méjìdínlógún tàbí ogún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí iná ṣe ń lọ ládùúgbò yín, ẹ ṣírò rẹ̀ níbẹ̀. Asẹ́ tó ṣí sílẹ̀ bíi ti òkúta yìí ni mo yàn fún ilé wa, nítorí èyí tí a dé pa, bí iná bá lọ pẹ́, àwọn kòkòrò náà á kú sínú rẹ̀, wọn á rà, ìdọ̀tí yẹn ni yóò sì tú sínú omi nígbà tí iná bá dé. Ẹ lu ihò kékeré sí ara páìpù tí ń gbé omi sókè, ní ibi tí ó ga ju ojú omi lọ, kí páìpù má baà fa omi òkè wálẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Kí wáyà iná máa kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ lè kán sílẹ̀ dípò kí ó wọ inú iná.

Omi kànga tàbí ti bohóólù dára bí ẹ bá jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ mọ́jú. Omi òjò tó ti orí páànù wá, èmi kì í lò ó. Kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà sílẹ̀ pẹ̀lú ewéko àti ẹja méjì péré kí ẹ tó kó ìyókù sí i.

Ní ti ewéko, ẹ má náwó sórí èyí tó ti òkè òkun wá. Anubias àti Bolbitis tí àwọn ará Yúróòpù ń fi owó gidi rà, ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa ni wọ́n ti wá. Ẹ so wọ́n mọ́ òkúta tàbí igi, ẹ má rì ìtàkùn wọn sínú iyanrìn. Ojúoró ní í lékè omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àpótí, yóò bo gbogbo ojú omi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ ó máa yọ ọ́ kúrò ni, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ sóòrùn dípò kí ẹ dà á sí Ògùnpa tàbí odò Ọ̀nà. Ẹ má sì rán àwọn ọmọ lọ já ewéko nínú igbó àwọn ilé ìwádìí bíi IITA tàbí FRIN láìgbàṣẹ.

Ó ku ẹja àrọ̀ yín àti ìjàpá. Màmá, kò sí àyè fún wọn níbẹ̀. Àrọ̀ lè gùn ju mítà kan lọ, afẹ́fẹ́ òkè ni ó ń mí sí, yóò hú gbogbo ewéko yín, yóò gbé ẹja tó bá kéré sí i mì, bí ojú rẹ̀ bá sì gba òde yóò rìn jáde lóru. Èékánná ìjàpá yóò máa ha sílíkóònù ní igun àti awọ epoxy lójoojúmọ́, ẹ sì ti mọ ohun tí ihò kan ń dá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Dípò wọn, ẹ wá Pelvicachromis pulcher, ẹja odò gúúsù Nàìjíríà fúnra rẹ̀, tí akọ rẹ̀ kì í sábà ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ, tí abo rẹ̀ máa ń pupa ní ikùn nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Ẹ fi ìkòkò amọ̀ kékeré tó fọ́ lẹ́nu dé ojú iyanrìn fún un, ibẹ̀ ni yóò yé e sí. Pantodon, ẹja tó ní apá bíi labalábá, máa ń wà ní ojú omi gan-an láti mú kòkòrò tó bá já bọ́ láti ara ewé, òun ló sì yẹ irú àpótí yìí jù lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ó máa ń fò, nítorí náà kí àwọ̀n òkè ti wà ní ipò rẹ̀ kí ẹ tó mú un wọlé.